Ọmọ Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro ohun tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ ti iṣẹ́ tèmi fún yín. Ọmọ aládùúgbò mi kan níbí ní Kétu ló fà á. Tèmítáyọ̀ ni wọ́n ń pè é, ó ń múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bi mí pé, "Mummy Prof, kí ni àǹtírópọ́lọ́jì tẹ́ ẹ ṣe yìí gan-an? Ṣé ẹ máa ń walẹ̀ wá egungun ni?" Mo ní rárá o, ẹlòmíràn ló ń wa egungun. Tèmi ni ká lọ gbé láàárín àwọn èèyàn, ká jókòó tì wọ́n, ká máa wò wọ́n títí a ó fi mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà lanu. Ó ní, "Ìyẹn nìkan? Wọ́n wá ń sanwó ẹ̀ fún yín?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ lẹ́yìn tó lọ. Mo rí i pé n kò sọ ibi tó le níbẹ̀ fún un. Kó má sì yà yín lẹ́nu o, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ ni mí. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ayọ̀ bá kanlẹ̀kùn, màá kọ́kọ́ bi í pé ta ló kú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n wọn ò bí i mọ́ mi. Iṣẹ́ yìí ló kọ́ mi.

Bí mo ṣe wọ yunifásítì, bí wọ́n ṣe gbà mí ní olùkọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àti owó oṣù tó máa ń pẹ́ lọ́nà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Gbogbo olùkọ́ ló ní irú ìtàn yẹn. Bàbá mi fẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ kọ́ fún wọn, wọ́n ní, "Ṣé ilé ìwé la ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀?"

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ la ń pè ní Baba Jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, wọ́n ti di olóògbé báyìí. Ẹ̀yìn wọn la ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ o, ta ló tó bẹ́ẹ̀ lójú wọn? Ohun tó fa orúkọ náà ni pé kò sí ohun tí o lè mú wá fún wọn tí wọn ò ní sọ pé, "Padà lọ jókòó." Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n máa ń wọ sòkòtò kan náà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, wọn kì í sì í gbé ohùn sókè. Bí wọ́n bá bínú, ńṣe ni ohùn wọn á túbọ̀ máa lọ sílẹ̀, a ó wá máa na ọrùn kí a lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú wa.

Ọjà Mile 12 ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ. Wọ́n ní kí n lọ jókòó ti àwọn obìnrin tó ń tún àpò rán, àwọn àpò tí wọ́n fi ń kó ata àti àlùbọ́sà dé láti òkè Ọya, tó bá ti ya. N kò gbọ́dọ̀ mú kálámù dání. N kò gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Mo lọ, mo jókòó lórí pákó, oòrùn pa mí, àwọn alábàárù ń pariwo "Àgò o!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, eṣinṣin ń bà mí lójú. Nígbà tí mo padà dé, mo kọ ojú ìwé rẹpẹtẹ nípa ìyà tó ń jẹ obìnrin láwùjọ. Mo rò pé Baba á yìn mí.

Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀?"

Mo ní n kò ṣàkíyèsí.

"Ta ló kúnlẹ̀ kí ta? Ta ló kàn tẹríba? Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ọwọ́ ta ló kọ́kọ́ wọ abọ́?"

N kò mọ ọ̀kankan. Wọ́n dá ìwé mi padà. Wọ́n ní, "Ẹni tí à ń bá nájà là á wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ohun tó wà nínú rẹ lo kọ síbí, n kò sì rán ọ lọ wo inú ara rẹ. Padà lọ jókòó." Mo sunkún dé ibùsọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wá, kò sí ilé tí n ó wọ̀ tí n kò ní mọ ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ bọ abọ́, àti lónìí yìí náà.

Ohun tí wọ́n le sí jù ni àwòrán ẹbí. Iṣẹ́ wa ní bí a ṣe ń yà á: onígun mẹ́ta fún ọkùnrin, róbótó fún obìnrin, ìlà láàárín tọkọtaya, ìlà sísàlẹ̀ fún ọmọ, àgbà lọ́wọ́ òsì, àbúrò lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá wo àwòrán náà á mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ta àti ẹni tí ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nígbà kan mo ya ilé kan, mo wá ya róbótó kékeré kan sí igun fún ara mi, torí mo ń gbé nínú ilé náà. Baba Jókòó mú ìrésà, wọ́n pa mí rẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ kò sí nínú àwòrán. Ojú ni ọ́. Ojú kì í sì í rí ara rẹ̀."

Òfin kejì ni pé ká má dá sí i. Bí wọ́n bá ń jà, wo ìjà. Bí wọ́n bá ń pín ogún, wo bí wọ́n ṣe ń pín in. Ẹ̀gbọ́n kan tó ṣáájú mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ bá orogún méjì parí aáwọ̀ ní abúlé tó ti ń ṣèwádìí. Ó fi yangàn níwájú Baba. Baba ní iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, kì í ṣe ìgbésí ayé àwọn èèyàn náà ló kọ mọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ. Wọ́n ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń ta mátíréèsì. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ẹnu ara mi ti ń bà mí.

Láàárín àwọn tó ń rán àpò ní Mile 12 ni mo ti pàdé Ìyá. Ará apá Ṣakí ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà jù mí lọ dáadáa. Nígbà náà, Ìyàwó Bíríkìlà ni wọ́n ń pè wọ́n, torí bíríkìlà lọkọ wọn, wọn ò sì tíì bímọ tí a lè fi pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé abẹ́rẹ́ gígùn wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ta, o ò rà, o kàn ń wò wá bí ẹni tó ń ṣọ́ aṣọ lórí okùn. Ibo lò ń sùn?"

Mo ní, "Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni, mà."

"Họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ilé. Kó ẹrù ẹ wá."

Bí mo ṣe dé Ajégúnlẹ̀ nìyẹn, Ajégúnlẹ̀ ti Kòsọ́fẹ́ o, lẹ́yìn Òwódé Onírin, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀ lọ bá odò. Bàbá Bíríkìlà, ọkọ Ìyá, ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé náà, wọ́n gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga ju ti aládùúgbò lọ nítorí omi. Ìyá fún mi ní yàrá tó kọjú sí odò. Wọ́n fún mi ní oríkì, wọ́n ń pè mí ní Àjọkẹ́. N kò tíì lo ọdún kan nílé náà tí Ìyá fi lóyún. Rẹ̀mí ni wọ́n bí, ọkùnrin. Ṣadé tẹ̀lé e. Èmi ni mo gbé Rẹ̀mí lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì ń ka iye obìnrin tó kí ara wọn lórí ìlà lọ́sibítù bí mo ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìwé tí mo kọ lórí ilé yẹn ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń pè lọ ṣe àlàyé káàkiri. Orí méjì nínú rẹ̀ ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Ọ̀kan dá lórí àṣà pé obìnrin tó ń wá ọmọ a máa gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, nítorí ọmọ ní í pe ọmọ wá sáyé. Mo to àpẹẹrẹ jọ láti Ìkòsì dé Òwódé. Èkejì dá lórí bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo tọ òbí lọ. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó: bí ọmọ bá pọ̀ nílé, àkọ́bí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lanu, bí ó bá sì dákẹ́, àwọn àbúrò á dákẹ́, ì báà jẹ́ pé iná ń jó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. Baba Jókòó kà á, wọn ò ní kí n padà lọ jókòó. Ìyẹn nìkan ni ìyìn tí mo gbà lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin tí fóònù ń ṣe gbogbo nǹkan fún, ẹ ò lè mọ ohun tí a fojú rí pẹ̀lú irinṣẹ́. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbé lọ Ajégúnlẹ̀ tóbi tó àpótí bàtà, bátìrì rẹ̀ sì ń kú láìṣe àìsàn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn jù ni yóò kú. Bí mo bá tàn án, Bàbá Bíríkìlà á wú ikọ́, wọ́n á jókòó dáadáa, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Bí mo bá wá pa á tán, tí mo ń ká wáyà, wọ́n á sinmi, wọ́n á ní, "Àjọkẹ́, òótọ́ ibẹ̀ ni pé..." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré dé, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọnú àpò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fóònù dé, kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ fún un mọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mìíràn gorí ìyẹn. Obìnrin kan ní Ìkòsì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé, "Aunty, mo máa sọ̀rọ̀ o, àmọ́ ẹ má gbé mi sí status. Ìyá ọkọ mi wà lórí WhatsApp." Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ inú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ìkẹyìn fẹ́ máa ṣèwádìí láti orí ibùsùn wọn. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó.

Nígbà tí Bàbá Bíríkìlà kú, wọ́n sin wọ́n síwájú ilé tí wọ́n kọ́. Mo dúró sẹ́yìn pẹ̀lú kámẹ́rà mi, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ojú mi sì ń ṣe omi. Àgbà ẹbí kan tó wá láti Ṣakí gbé ṣọ́bìrì fún mi, ó ní kí n kọ́kọ́ da erùpẹ̀. Mo da á. Lẹ́yìn mi ni Rẹ̀mí, lẹ́yìn Rẹ̀mí ni Ṣadé. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àlejò tó pẹ́ nílé ni. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ikú Bàbá ni omi wá di ọ̀rọ̀. Odò náà ti máa ń kún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún ẹnu àìpẹ́ yìí, ó ń wọ ilé tí kò wọ̀ rí. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn ọmọ á péjọ sílé Ìyá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà á wá láti ilé ọkọ mi ní Kétu. Ìyá á ní, "Bàbá Rẹ̀mí wà níwájú ilé níbẹ̀ yẹn. Ta ni n ó fi tì í?" Gbogbo wa á dákẹ́. Rẹ̀mí á wò mí. Ṣadé á wò mí. Rẹ̀mí á wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí nǹkan sọ?"

Èmi á ní, "Ọ̀rọ̀ ẹbí yín ni. Mo ń gbọ́."

Rẹ̀mí á sorí kọ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí mo bá padà délé, n kò ní lè jẹun. Mo fẹ́ kígbe mọ́ wọn pé kí wọ́n gbé ìyá wọn kúrò nínú ẹrẹ̀ yẹn. Mo máa ń ṣí fèrèsé kí n lè gbọ́ bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀, màá tún tì í kí n má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá dá sí i ni iṣẹ́ mi bàjẹ́, ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn. Ọdún lé ọdún, mo ń bẹ̀rù, mo ń kọ̀wé.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, òjò kò rọ̀ rárá. Oòrùn ràn láti àárọ̀. Ṣadé pè mí, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ó kàn ń pe Màámi, Màámi. Àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù ti tú omi sílẹ̀ láti òkè odò, ó sì dé bá wọn nígbà tí kálukú ti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo fi dé Òwódé, ojú ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ ti di odò, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó àwọn èèyàn jáde, àgùntàn ń ké lórí òrùlé. Mo dúró létí omi pẹ̀lú báàgì mi, n kò mọ odò wẹ̀, n kò sì lè padà. N kò gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tó yá, mo rí Rẹ̀mí, omi dé igbá àyà rẹ̀, ó pọn Ìyá sẹ́yìn. Ó bá wọn lórí tábìlì tí wọ́n gbé ka orí bẹ́ẹ̀dì. Ètè wọn ti funfun. Àpótí kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn Bàbá wà nínú rẹ̀, tí mo fi síbẹ̀ fún Ìyá, bá omi lọ.

Òtútù wọ Ìyá láyà. Dókítà ò fi ọkàn wa balẹ̀, ó kàn ń sọ pé ká máa wò ó. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni sùúrù ti tán nínú mi. Mo pe Rẹ̀mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo ní, "Rẹ̀mí, kí ló ṣe yín gan-an? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbé Ìyá kúrò níbẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ta ni kó sọ fún wọn?"

"Ìwọ àkọ́bí ni, ta tún ni?"

"Èmi kọ́ ni àkọ́bí!" Ohùn rẹ̀ ga débi pé nọ́ọ̀sì yọjú. "Ẹ̀yin ni! Ta ló kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sórí Bàbá? Ṣé wọ́n máa ń gbé ṣọ́bìrì fún visitor ni? Gbogbo ìgbà tá a bá ti ń sọ̀rọ̀ omi yìí, ẹ̀yin là ń wò, ẹ̀yin náà ń kọ̀wé. Kí n wá fo orí yín kọjá lọ bá Màámi? Wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Ṣadé di apá rẹ̀ mú. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, Màámi máa ń sọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ pè wá wá sáyé. Wọ́n ní àwọn bẹ Ọlọ́run fún ọmọ ọwọ́, ó kọ́kọ́ fún àwọn ní ọmọ tó ti mọ̀wé."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìwé mi. Orí méjèèjì. Mo to àwọn obìnrin tó gba ọmọ ọlọ́mọ jọ láti Ìkòsì dé Òwódé, n kò ka èyí tó gbà mí. Mo kọ ọ́ pé bí àkọ́bí bá dákẹ́ àwọn àbúrò á dákẹ́, mo sì ń wo àwọn ọmọ tó dákẹ́ lójú mi, mo ń bínú sí wọn. Àwọn ń dúró dè mí, èmi ń dúró dè wọ́n, omi ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi tí wọ́n ti sọ di ọmọ nílé ni mo dìídì ń ṣe àlejò. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n sì ti fi mí ṣe àgbà láìgbọ́ lẹ́nu mi.

Ìyá gbádùn. Ọlọ́run ló ṣe é. Bí omi ṣe fà, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé, wọ́n lọ gbá ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n kun ilé, wọ́n tún ń rán àpò wọn. Èmi náà fẹ̀yìn tì, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa mi, wọ́n fún mi ní àga onítìmùtìmù. Lẹ́yìn náà ni òjò ọdún yìí ṣú. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn tó wà létí odò. Rẹ̀mí ò pè mí. Ṣadé náà ò pè mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí bí n kò bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó Ìyá wá sí Kétu, tí wọ́n wá kú sínú fúláàtì mi, jìnnà sí ọkọ wọn, ta ló pa wọ́n? Kò sí Baba Jókòó tí n ó bi mọ́. Èsì tí wọn ìbá sì fún mi, mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ. Ìyá wà lórí àpótí níwájú ilé, ní ẹ̀gbẹ́ sàréè, wọ́n ń fi okùn sínú abẹ́rẹ́, ojú wọn ò gbé e mọ́ dáadáa. Mo gba abẹ́rẹ́ náà, mo bá wọn fi í. Mo wá kúnlẹ̀. Orúnkún mi ń dùn mí. Mo ní, "Ìyá, ẹ dìde ká lọ. Ẹ ò ní lo òjò tọdún yìí níbí."

Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí? Ṣé tíṣà ni?"

Mo ní, "Àkọ́bí yín ni, mà."

Wọ́n yí ojú sí sàréè. Wọ́n ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yín wí?" Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. Wọ́n wá ní, "Ó dáa. Bá mi di ẹrù. Má gbàgbé àpò abẹ́rẹ́ mi." Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ ju ìyẹn lọ, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Àmọ́ ẹ má rò pé ọkàn mi balẹ̀. Ìyá dé Kétu, wọn ò jẹun dáadáa. Wọ́n ní omi ẹ̀rọ wa ò ládùn, wọ́n ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ara àwọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé omi ti wọ ibẹ̀?" Èmi á ní rárá, mà. Wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjú sí ògiri. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ilé wọn gbẹ fúrúfúrú. Kí n má purọ́ fún yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí omi dé, kó lè hàn pé mo rí i bó ṣe yẹ. Mo gbọ́ ara mi nínú àdúrà náà lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ wo ló ń bẹ Ọlọ́run kí omi wọ ilé ìyá rẹ̀?

Tèmítáyọ̀, àti ẹ̀yin yòókù, bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é. Ó dára. Ẹ jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ẹ ó ti jẹun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò ní kà yín sí ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ní tààrà pé ta ni yín níbẹ̀, bí ẹ bá sì ti gbọ́ èsì, ẹ jẹ́ ẹni tí wọ́n pè yín.

Lánàá, nígbà tí oòrùn ti gòkè, mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí Rẹ̀mí pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ti wọlé o. Ó ti fẹ́ẹ̀ dé ojú fèrèsé." Ayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ lọ́kàn mi. Ojú tì mí. Mo wá gbọ́ ohun tó ń dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀ nínú fóònù, ó ń ṣe wọ̀ọ̀.

Mo ní, "Rẹ̀mí, ibo lo wà?"

"Inú ilé ni. Mo wá kó ẹrù Màámi tó kù. Fọ́tò Bàbá ló kù lára ògiri, ẹ jẹ́ kí n kàn..."

Ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò.

Mo ní, "Rẹ̀mí, fi í sílẹ̀. Jáde kúrò nínú omi yẹn báyìí. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Mo gbé fóònù náà sí etí Ìyá, kí àwọn náà lè gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi bọ̀ níta.